Kí nánò tó wọ kànga wa ní Ògbómọ̀ṣọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú làálàá. Píọ̀ wọ́tà ni mò ń ṣe tà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Láìpẹ́ yìí ni oníṣòwò kan kó asẹ́ omi tuntun wá sílé iṣẹ́ wa. Ó ní fàdákà nánò, ìyẹn ẹ̀rún fàdákà tó kéré débi tí ojú ò lè rí i, wà lára rẹ̀, pé kòkòrò àìsàn kan ò ní gba inú rẹ̀ kọjá kó má kú. Mo ní kó mú ìwé wá, èyí tó sọ bí fàdákà náà ṣe ń ṣí kúrò lára asẹ́ bó bá ti ń gbó. Kò ní ìwé. Mo wá bi í pé tá a bá lò ó tán, ibo la ó dà á nù sí? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àlàájà, ṣebí ibi tẹ́ ẹ̀ ń da ìyókù sí náà ni."

Ibi tá à ń da ìyókù sí kì í ṣe ibi tó dáa o. Asẹ́ tí wọ́n bá yọ nídìí ẹ̀rọ máa ń pọ́n bí ohun tí wọ́n rì sínú epo pupa, ẹrẹ̀ á ti wọ̀ ọ́ dé inú, òórùn irin tó dípẹtà á máa jáde lára rẹ̀. Àwọn kan á dáná sun ún, àwọn kan á jù ú sétí gọ́tà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọdé á ti yọ ọ̀pá rọ́bà tó wà láàárín rẹ̀, wọ́n á máa fi fọn fèrè. Bí òjò bá dé, àgbàrá á gbé èyí tó kù lọ sínú odò kékeré tó wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń gbà lọ sí Odò Ọbà. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ò lè rí gbogbo ìyẹn nínú yàrá ìwádìí rẹ̀. Àwa tá a wà nídìí ẹ̀ la mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí nìyẹn: àwọn tó ń mú nánò bọ̀ gbọ́dọ̀ bá wa jókòó ṣèpàdé kí wọ́n tó gbé e dé.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé nánò bí iṣẹ́ mi ṣe jẹ́ kó yé mi. Bí wọ́n bá gé mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nanomítà. Irun orí èèyàn fẹ̀ tó nanomítà 80,000 sí 100,000. Asẹ́ tó lójú tín-ín-rín jù lọ nílé iṣẹ́ wa, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní 1 micron, nanomítà 1,000 ni ojú rẹ̀. Ohun tí wọ́n sì ń pè ní nánò kì í sábà ju 100 lọ. Bí fàdákà yẹn bá já kúrò lára asẹ́ tó gbé e, kò sí ohun kan nílé iṣẹ́ wa tó lè dá a dúró. Ìfun oníbàárà ló kàn.

Ẹ má rò pé mò ń ta ko nánò o. Bí wọ́n bá fọ́ nǹkan sí wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ tó ń kan omi á pọ̀ sí i, fàdákà díẹ̀ á sì ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Askwar Hilonga, ọmọ Tanzania, pa irú ìmọ̀ yìí pọ̀ mọ́ iyanrìn láti fi ṣe asẹ́ omi, òun sì ni Royal Academy of Engineering, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ní ẹ̀bùn Africa Prize lọ́dún 2015. Nílé wa níbí, yunifásítì LAUTECH ní ẹgbẹ́ oníwàádìí tó ń jẹ́ NANO+. Wọ́n ti fi èèpo kókó, èèpo obì àti òwú aláǹtakùn ṣe fàdákà nánò. Òwú aláǹtakùn tá à ń fi ọwọ̀ gbá dànù! Orí mi wú nígbà tí mo gbọ́. Kànga tí ṣáláńgá wà nítòsí rẹ̀ ò sì mọ níwọ̀n nígboro yìí, tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn làwọn èèyàn ń fa omi níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Czech, wọ́n ti da irin nánò sínú ilẹ̀ tí kẹ́míkà iléeṣẹ́ ti bàjẹ́, kó lè pa májèlé inú omi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti rìn gba àárín ọgbà àwọn mẹkáníìkì kọjá, tó rí bí ọ́ìlì dúdú àti omi bátìrì ṣe ń wọlẹ̀, á mọ̀ pé iṣẹ́ wà fún irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n fàdákà tó ń pa kòkòrò kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tó ń ṣe wá níbi àti èyí tó ń sọ ìdọ̀tí di ilẹ̀dú nínú oko. Ní ti ara èèyàn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí wọ́n bá fi fàdákà pa kòkòrò inú omi mímu, kò léwu tí kò bá ti ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílígíráàmù lọ nínú lítà kan. Ẹni tó bá ń gbé fàdákà púpọ̀ mì fún ìgbà pípẹ́, ara rẹ̀ lè dà bí eérú tó pa pọ̀ mọ́ aró, kì í sì í padà sí bó ṣe wà. Ọdún 2022 ni ìjọba àwọn ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de titanium dioxide, ìyẹn ẹ̀lẹ́bú tí wọ́n fi ń mú kí nǹkan funfun, tí ẹ̀rún nánò máa ń wà nínú rẹ̀, nínú oúnjẹ, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Royal Academy of Engineering tó fún Hilonga lẹ́bùn yẹn kan náà, òun àti Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ibẹ̀, ló jọ sọ lọ́dún 2004 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ẹ̀rún nánò tí kò so mọ́ nǹkan kan sínú ilẹ̀ tàbí omi, àfi tí ìwádìí bá fi hàn pé àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ. Mo fara mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n bá mọ mọ́ amọ̀ tàbí iyanrìn, kí wọ́n gbé e wá ká dán an wò. Èyí tí wọ́n fẹ́ bù dà sínú kànga, kó ṣì dúró ná.

Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní mò ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn, pé kí ìpàdé wa tó parí, kọ́lẹ́rà á ti pa èèyàn. Òótọ́ wà ńbẹ̀. Àmọ́ klorínì wà lọ́jà, omi sísè wà, kò sẹ́ni tó ní ká fọwọ́ lẹ́rán máa dúró de nánò.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ yìí ti le jù fún aráàlú. Ta ló mọ jínótáìpù tẹ́lẹ̀? Lónìí, kí ọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà tó dé ọ̀dọ̀ òbí ni wọ́n ti ń bira wọn bóyá AA ni tàbí AS. Èdè Yorùbá la fi kọ́ ọ lórí rédíò, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. Lọ́dún 2005, nílùú Halifax ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kó àwọn èèyàn lásán jọ, wọ́n ní kí wọ́n máa bi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n léèrè ọ̀rọ̀ nípa nánò, wọ́n jókòó léraléra kí wọ́n tó sọ èrò wọn. Nanojury ni wọ́n pè é. Aráàlú bíi tiwa náà ni wọ́n.

Tiwa kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpàdé tí wọ́n á ti pín ráìsì àti fílà, tá a ó pàtẹ́wọ́, tí wọ́n á ya fọ́tò, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ohun tí wọ́n ti pinnu tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n á ṣe. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Kí wọ́n pe àwọn agbẹ́kànga, wọ́n mọ bí omi ṣe jìn tó ládùúgbò kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n pe àwọn mẹkáníìkì, àwọn obìnrin tó ń fọṣọ létí odò, àti àwọn tó ń yan gàrí, tí omi ẹ̀gẹ́ tiwọn náà ń ṣàn lọ síbi kan. Kí àwọn NANO+ mú iṣẹ́ wọn wá, kí NAFDAC àti NESREA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, jókòó síbẹ̀, kí wọ́n dá wa lóhùn ní Yorùbá: ta ló máa wá kó asẹ́ tá a ti lò tán? Ta ló máa máa yẹ omi wò lẹ́yìn ọdún kan, owó ta ni wọ́n á sì fi ṣe é? Bí àdúgbò kan bá ní àwọn ò fẹ́, ṣé wọ́n á gbà fún wọn?

Lọ́dún 1988, àṣírí tú pé ní Kókó tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta báyìí, ọkùnrin kan ti fi ilẹ̀ rẹ̀ háyà fún àwọn tó kó dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí kẹ́míkà wá láti Ítálì. Owó kékeré ni wọ́n ń fún un lóṣooṣù. Kò sẹ́ni tó pe ará Kókó sípàdé.

Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, ẹ bá wa bi àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Ìbàdàn léèrè: bí oníṣòwò bá tún kó irú asẹ́ yìí wá lọ́la, ọ́fíìsì wo ni ká mú un lọ kí wọ́n tó tà á fún wa?

Èmi ni tiyín,
Onípíọ̀ wọ́tà kan, Ògbómọ̀ṣọ́.