Ẹ má gbàgbé ohùn Claudia Cardinale

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa Claudia Cardinale, òṣèrébìnrin ilẹ̀ Ítálì tó dágbére fáyé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 lẹ́ni ọdún 87. Inú mi dùn pé ẹ fún un láyè nínú ìwé ìròyìn Yorùbá. Àmọ́ láti òkè délẹ̀, ẹwà ni, ẹyinjú ni, irun ni. Ẹ ò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ohùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohùn yẹn gan-an ni wọ́n fi dù ú fún bí ọdún márùn-ún tó fi ń ṣe fíìmù.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n tún ibì kan ṣe. Ẹ ní Róòmù ni wọ́n bí i sí. Rárá o. La Goulette, èbúté tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Tunis ní ilẹ̀ Tùnísíà, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1938. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni. Ìran àwọn ará Sísílì tó ṣí wá síbẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, iṣẹ́ rélùwéè sì ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Abẹ́ àwọn Faransé ni Tùnísíà wà nígbà náà, nítorí náà èdè Faransé lọmọ náà fi kàwé, ó ń sọ èdè Sísílì nílé, ó sì ń gbọ́ Lárúbáwá lẹ́nu àwọn ará àdúgbò. Èdè Ítálì tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n mọ́ kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu rárá.

Lọ́dún 1957 wọ́n mú un níbi ìdíje pé òun ló rẹwà jù nínú àwọn ọmọbìnrin Ítálì tó wà ní Tùnísíà. Ẹ̀bùn rẹ̀ ni ìrìn àjò lọ síbi àjọ̀dún fíìmù ní Venice, ibẹ̀ làwọn tó ń gbé fíìmù jáde ti rí i. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ti wà nínú fíìmù I soliti ignoti tí Mario Monicelli darí. Àmọ́ ojú rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àṣà wọn ní Ítálì nígbà náà ni pé wọ́n á ya àwòrán tán, wọ́n á wá wọ yàrá lọ gba ohùn sílẹ̀ lẹ́yìn. Kò wá ṣòro fún wọn láti fi ohùn obìnrin mìíràn bo ti ẹni tí a ń wò. Wọ́n ní Faransé ń ta yọ nínú ọ̀rọ̀ Claudia, ohùn rẹ̀ sì wúwo, ó há, kò dún bí ti ọ̀dọ́mọbìnrin létí wọn.

Ẹni tó bá wo fíìmù Il Gattopardo ti Luchino Visconti, tó gba Palme d'Or, ẹ̀bùn tó ga jù níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes, lọ́dún 1963, tó rí Angelica, ẹni tí Claudia ṣe nínú eré náà, tó ń bá Burt Lancaster jó nínú gbọ̀ngàn ńlá yẹn, Claudia ló ń wò, ẹlòmíràn ló ń gbọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé mo ti ka ìròyìn rí lórí rédíò. Oṣù àkọ́kọ́ ni ọ̀gá mi pè mí pé ohùn Ìjẹ̀ṣà mi ti pọ̀ jù, kí n máa sọ̀rọ̀ bí ará Ọ̀yọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá mi gbọ́ mi lórí afẹ́fẹ́ ní Iléṣà, kò mọ̀ pé èmi ni.

Olùdarí fíìmù Federico Fellini ló dá ohùn Claudia padà fún un. Àsìkò kan náà ló ń ya fíìmù 8½ tí Visconti ń ya fíìmù tirẹ̀. Visconti fẹ́ kí irun rẹ̀ dúdú, Fellini ní kò gbọdọ̀ dúdú tó bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin náà wá ń kun irun ní lílọ ní bíbọ̀. Àmọ́ Fellini ní kí ó fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ gan-an, Claudia, pe ẹni tó ṣe nínú eré náà. Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ jáde lóru, Guido, olùdarí fíìmù inú eré náà, ń ṣàlàyé ìtàn ọkùnrin kan fún un, Claudia sì dá a lóhùn pé ọkùnrin náà kò mọ bí a ti ń fẹ́ràn ẹni ni. Ó tún un sọ. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ẹ bá gbọ́ bí ohùn náà ti há, tó sì rọ̀, ó máa yà yín lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Ohùn nìkan kọ́ ni wọ́n sì bò. Ọkùnrin kan ti fipá bá a lò pọ̀ nígbà èwe rẹ̀, ó lóyún, ó sì lọ bí ọmọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1958 ní ìkọ̀kọ̀. Franco Cristaldi, tó gbà á síṣẹ́, ní kí wọ́n máa pe ọmọ náà ní àbúrò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá tí kò lè pè ní ìyá. Èmi kò lè ka ibẹ̀ kí omi má dé ojú mi. Òun fúnra rẹ̀ ló pàpà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òtítọ́ náà fún ayé gbọ́.

Ó tún ṣiṣẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà: fíìmù Sergio Leone lọ́dún 1968, Fitzcarraldo ti Werner Herzog nínú igbó Amazon lọ́dún 1982. Venice fún un ní Kìnnìún Wúrà lọ́dún 1993 fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀, UNESCO sì fi ṣe aṣojú lọ́dún 2000 lórí ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin. Lọ́dún 2022, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà kan ní La Goulette.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún ibi tí wọ́n bí i sí kọ. Bí ẹ bá sì tún máa kọ nípa rẹ̀, ẹ ní kí oníròyìn yín pa fọ́tò tì, kí ó wo 8½, kí ó sì pa ojú dé bó bá kan ibi tí wọ́n fi ọkọ̀ jáde lóru yẹn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Iléṣà