Àkànní, ìlù mẹ́fà ti gbọ́ràn sí mi lẹ́nu

Ìbàdàn,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àkànní mi,

Báwo ni òtútù Manchester? Ooru ló ń pa èmi níbí, torí bí mo bá tan fáànù, mi ò ní gbọ́ ohun tí mò ń ṣe.

O ní kí n sọ ibi tí iṣẹ́ dùndún yẹn já sí, orin tí mò ń po ìró rẹ̀ pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ìlù mẹ́fà la gbà sílẹ̀, kálukú ní tíráàkì (ìlà ìgbohùnsílẹ̀) tirẹ̀: ìyáàlù, kẹríkẹrì, gángan, ìsáájú, kànnàngó àti gúdúgúdú. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi kọ automation, àṣẹ tó ń gbé ohùn sókè sódò fúnra rẹ̀ bí orin ṣe ń lọ, sórí ìyáàlù nìkan. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ni: ibi tó bá ti ń kini, mo gbé e sókè díẹ̀, ibi tí akọrin bá ti gbẹnu lé e, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tí mo parí ni ẹni tó ni orin wá ní, “Ìlù pọ̀ jù ní ẹsẹ kejì, ẹ bá mi rẹ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.” Ó rọ̀ ọ́ lẹ́nu!

Mo so fader mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìyẹn bọ́tìnì tí a fi ń gbé ohùn tíráàkì sókè sódò, pọ̀, mo fà wọ́n wálẹ̀. Márùn-ún gbọ́. Bí mo ṣe tẹ play báyìí, fader ìyáàlù sáré padà síbi tí automation ní kó wà. Mo tún fà á, ó tún padà. Díẹ̀ ló kù kí n ṣépè.

Mo bá kó gbogbo wọn sínú bus kan, tíráàkì tí ìró gbogbo wọn jọ ń gbà kọjá, mo fa bus wálẹ̀. Ìlù wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n reverb (ìdún bíi ti inú gbọ̀ngàn ńlá) tí tíráàkì kọ̀ọ̀kan ń rán jáde kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Àfi bíi pé àwọn onílù ti kó sínú kànga.

VCA tó o máa ń pariwo rẹ̀, fader kan tó ń darí àwọn fader mìíràn, ló yọ mí. REAPER, sọ́fítíwia tí mo fi ń ṣiṣẹ́, ti ní in láti ẹ̀dà 5, ní 2015. Èmi ni mi ò kà á sí. Tíráàkì òfìfo kan ni mo fi ṣe VCA Lead (aṣáájú), mo wá fi ìlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe VCA Follow (ọmọlẹ́yìn). Ìró kankan kì í gba inú rẹ̀ kọjá, àṣẹ ló ń pa. Bí ìyáàlù bá wà ní -6 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe pọ̀ tó), tí mo fa VCA sí -3, -9 la máa gbọ́, automation ọjọ́ méjì mi ò sì yí padà. Reverb náà tẹ̀ lé e, torí ẹ̀yìn fader ló ti ń gba ìró. Ìlà automation kan ṣoṣo lórí VCA, ẹsẹ kejì ti tò.

Má rò pé mo ti ju bus nù o. Orí rẹ̀ ni compressor tó so ìlù pọ̀ wà, èyí tó ń tẹ ohùn tó bá pọ̀ jù mọ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo sì ti tún kọsẹ̀. Ohun tó ń wọ compressor ni VCA ń dín kù, ìlù bá tú ká ní ẹsẹ kejì. Fader bus ò ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn compressor ló wà. Mo fi VCA sí -2, mo sì fi automation fa threshold, ìwọ̀n ohùn tí compressor ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wálẹ̀ níbẹ̀. Ṣé bí ìwọ náà ṣe ń ṣe é nìyẹn, àbí ọgbọ́n mìíràn wà?

Fáìlì ń bọ̀ bí iná bá ti dé. Fi hẹ́dífóònù gbọ́ ẹsẹ kejì, kí o sọ fún mi bí kànnàngó bá ṣì ń ta létí.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àlàó