Lẹ́tà Sí Màmá: Láti Sọ́ńdè Ni Tòlótòló Ọjọ́bọ̀ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Houston, Texas

Màmá wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àmójútó gbogbo ẹbí. À ń retí yín lóṣù kọkànlá, àwọn ọmọ ọmọ yín sì ti ń ka ọjọ́. Ẹ bi wá lórí fóònù bóyá Thanksgiving, àjọ̀dún ìdúpẹ́ Amẹ́ríkà níbí, náà ni Sọ́ńdè ìdúpẹ́ tí à ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ lè mọ aṣọ tí ẹ ó kó dání. Rárá o, Màmá. Kò sí jíjó lọ síwájú pẹpẹ, kò sí aṣọ ẹbí. Ilé ìdáná àti ìdí tábìlì ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é, nítorí náà kì í ṣíwájú ọjọ́ 22, kì í sì í kọjá ọjọ́ 28. Aṣọ tó rọrùn láti fi dáná ni kí ẹ kó wá, pẹ̀lú súwẹ́tà kan fún alẹ́.

Ẹ tún bèèrè bóyá ìrẹsì jollof yín kò ní ba àjọ̀dún onílé jẹ́. Kò lè bà á jẹ́, torí oúnjẹ àjọ̀dún náà, àti ọjọ́ rẹ̀ pàápàá, kò fìgbà kan dúró sójú kan. Àsè tí wọ́n máa ń tọ́ka sí ni ti 1621 ní Plymouth, ní Massachusetts, níbi tí nǹkan bí 50 òyìnbó tó wá tẹ̀dó síbẹ̀, tí òtútù àti àìsàn kò pa ti bá nǹkan bí 90 ọkùnrin Wampanoag, àwọn tó ni ilẹ̀, jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Edward Winslow, ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó náà, wà níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àwọn Wampanoag mú àgbọ̀nrín márùn-ún wá. Ó mẹ́nu ba ẹyẹ, kò dárúkọ tòlótòló. Obìnrin kan, Sarah Josepha Hale, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ kí Ààrẹ Abraham Lincoln tó kéde ọjọ́ náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1863, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Ní 1939, Ààrẹ Franklin Roosevelt fà á wá síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan kí ọjà lè tà sí i kí Kérésì tó dé. Àwọn ìpínlẹ̀ kan gbà, àwọn mìíràn kọ̀ jálẹ̀, àfi ìgbà tí òfin 1941 wá fi ìdí Ọjọ́bọ̀ kẹrin múlẹ̀. Ẹ̀wà tútù onípódi tí wọ́n ń fi ọbẹ̀ olú alágolo sè, tí wọ́n kà sí oúnjẹ àtayébáyé, 1955 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ ní ilé ìdáná ilé iṣẹ́ Campbell. Ẹ̀yin gan-an dàgbà jù ú lọ.

Ohun kan wà tí a kì í fi pamọ́ fún àwọn ọmọ. Láti 1970 ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń pé jọ ní Plymouth lọ́jọ́ yìí kan náà láti ṣọ̀fọ̀ ilẹ̀ wọn àti àwọn èèyàn wọn tó ṣègbé. Ó yẹ kí a sọ ọ́ nídìí tábìlì kí a tó gbàdúrà. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa pé a kì í dé ìlú onílùú kí a má bèèrè onílẹ̀, kò ní ṣàjèjì sí yín.

Tòlótòló, olórí oúnjẹ ọjọ́ náà, wá kù. Nílé, gígé ni à ń gé e, a ó bọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà, tháímù àti kọrí, a ó wá dín in. Níbí, odindi ni wọ́n ń gbé sínú ófùn, ibẹ̀ ló sì ti ń le. Ẹ ka pọ́ùn kan sí pọ́ùn kan àbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí egungun wà nínú rẹ̀. Àwa méjìlá yóò ra èyí tó tó pọ́ùn 15, ìyẹn kílò 7 ó dín díẹ̀. Dídì ni wọ́n sábà máa ń tà á, pọ́ùn 4 sí 5 sì gba odindi ọjọ́ kan nínú fíríìjì kí ó tó yọ́. Láti Sọ́ńdè ni a ó ti gbé e jáde nínú fírísà sínú fíríìjì, nínú àwo tó jìn, ní ìsàlẹ̀ pátápátá kí omi rẹ̀ má kán sórí oúnjẹ mìíràn. Bí èèyàn bá gbàgbé di Ọjọ́rú, kó rì í sínú omi tútù pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, ìdajì wákàtí fún pọ́ùn kọ̀ọ̀kan, kó sì máa pààrọ̀ omi náà ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wákàtí méje àbọ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, a kì í gbé e sórí tábìlì di ọjọ́ kejì: ara rẹ̀ á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kòkòrò àìsàn á ti máa pọ̀ lára rẹ̀, inú rẹ̀ á sì ṣì le bí òkúta.

Mo mọ̀ pé èyí yóò ṣòro fún yín, Màmá, ṣùgbọ́n ẹ má fọ̀ ọ́. Omi tó ń ta sílẹ̀ ló ń gbé kòkòrò lọ sára àwo àti ẹ̀fọ́ tí a kò ní sè. Bébà ìnuwọ́ ni kí ẹ fi nù ún gbẹ. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ yọ àpò kékeré tó wà níbẹ̀: ọrùn, ẹ̀dọ̀ àti gísáàdì ni. Ọrùn àti gísáàdì yẹn, tí a bá bọ̀ wọ́n pẹ̀lú àlùbọ́sà lálẹ́ Ọjọ́rú, omi ẹran jollof ti jáde nìyẹn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan iyọ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti gún omi iyọ̀ sí lára láti ilé iṣẹ́. Irú rẹ̀ kò gba iyọ̀ mọ́, àfi ata, tháímù àti bọ́tà. Èyí tí wọn kò gún, ṣíbí ìjẹun kan iyọ̀ oníhóró fún pọ́ùn 5. Bó bá jẹ́ iyọ̀ kúnná ni, ìdajì rẹ̀ tó, torí ó máa ń ki nínú ṣíbí. Ẹ fi pa á lára láàárọ̀ Ọjọ́rú, kí ẹ dá a padà sínú fíríìjì láì dé e, kí awọ rẹ̀ lè gbẹ. Awọ tútù kì í dán, kì í sì í pọ́n.

Ófùn á wà ní dígírì 325 Fahrenheit, á sì lò tó wákàtí mẹ́rin. Àyà rẹ̀ máa ń yára gbẹ torí ọ̀rá inú rẹ̀ kò pọ̀, itan sì máa ń pẹ́ rọ̀. Bí àyà bá ti pọ́n, ẹ fi fóìlì bò ó. Èyí tí èmi fọwọ́ sí jù ni kí a fi sísọ́ọ̀sì yọ egungun ẹ̀yìn rẹ̀, kí a tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ bíi ti adìyẹ súyà: ní dígírì 425, á jiná láàárín wákàtí kan àbọ̀ sí méjì, itan àti àyà á sì jọ dé. Ẹ má gbọ́kàn lé bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n fi há a láyà, tó ń yọ sókè láti sọ pé ó ti jiná. Tẹmómítà ni kí ẹ fi gún ibi tó nípọn jù ní àyà àti inú itan, kó má kan egungun. Dígírì 165 ni à ń wá. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí omi rẹ̀ má ṣàn sórí pátákó. Àsìkò yẹn gan-an ni ófùn ṣófo fún jollof, ànàmọ́ àti páì elégédé.

Àwọn aládùúgbò kan níbí máa ń dín odindi rẹ̀ nínú ìkòkò òróró ńlá. Ó dùn gan-an, ṣùgbọ́n ìta gbangba tó jìnnà sílé ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí yìnyín bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló ń di oru omi nínú òróró gbígbóná, òróró á hó kọjá ẹnu ìkòkò, á sì gbiná. Ilé ti jó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, kó wọ fíríìjì láàárín wákàtí méjì, ìrẹsì náà bẹ́ẹ̀. Gbígbóná ọbẹ̀ lálálẹ́ lórí sítóòfù kò sí nínú ètò wa, ẹ má bínú. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń lò. A ó fi egungun rẹ̀ se ọbẹ̀ ata lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ má di ẹran gbígbẹ tàbí kílíṣí sínú àpò o, wọn yóò gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú. Oúnjẹ yòówù tí ẹ bá mú dání, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ìwọ̀n ata jollof èèyàn méjìlá nìkan ni kí ẹ kó wá, nínú orí yín.

Àwọn ọmọ yín ní Houston