Ibà Pọ́njú àti Àyẹ̀wò Ẹ̀dọ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Sí Olóòtú,

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, bí ojú ènìyàn bá ti pọ́n bí ìyeyè, àgbo ni a kọ́kọ́ ń gbé fún un, ó sì ń dùn mí gan-an, nítorí hẹpatáítìsì B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò àrùn ń fà, tó sì lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, lè ti pẹ́ lára rẹ̀. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà fi hàn pé púrótéènì ara awọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní NTCP, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fa iyọ̀ òróòro wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀, ni kòkòrò àrùn náà ń gbà wọlé. Àwọn onímọ̀ mìíràn ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ègé ẹ̀dọ̀ tín-ín-rín láti fi mọ ibi tí jẹjẹrẹ wà. Ẹ̀bẹ̀ tèmi kò tó ìyẹn: kí ìjọba ìbílẹ̀ wa sọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ hẹpatáítìsì B di ọ̀fẹ́, kí ọmọ tuntun sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ láàárín wákàtí 24.

Òǹkàwé yín, Ẹ̀pẹ́