Ẹ yé ní ká máa fín oògùn sóko òwú lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìmọ̀ràn tẹ́ ẹ gbé jáde fáwa tá à ń gbin òwú, pé látìgbà tó bá ti ń rudi ni ká ti máa fín oògùn lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ títí dìgbà ìkórè, mi ò lè dákẹ́ sí i torí irú ìmọ̀ràn yẹn gan-an ló ń ba oko jẹ́.

Kì í ṣe gbogbo kòkòrò inú oko òwú ló jẹ́ ọ̀tá. Aláǹtakùn wà níbẹ̀, èèrà wà níbẹ̀, kòkòrò pupa roboto tó ní àmì dúdú lẹ́yìn yẹn ń jẹ iná ewé (àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ewé mu), agbọ́n kan tiẹ̀ wà tó kéré débi pé inú ẹyin àfòpiná ló ń yé tiẹ̀ sí, ìdin tó ń jẹ òwú ò sì ní jáde nínú ẹyin yẹn mọ́. Tẹ́ ẹ bá wá da oògùn líle bo gbogbo oko, àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ̀nyí ló ń kọ́kọ́ kú, eṣinṣin funfun tó sá sábẹ́ ewé níbi tí oògùn ò dé á wá máa bí sí i, á máa ṣu omi dídùn sórí òwú tó ti là, òwú á máa lẹ̀ pẹ̀kípẹ̀kí mọ́ ẹ̀rọ, ta ló fẹ́ rà á?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí o. Ní àfonífojì Cañete ní Peru, lẹ́yìn 1949 ni wọ́n gba DDT, oògùn apakòkòrò líle kan, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, ìkórè òwú gòkè dé 728 kìlò lórí hẹ́kítà kan ní 1954, inú gbogbo wọn ń dùn, wọ́n ń fín wọ́n tún ń fín, àfi bí oògùn ò ṣe ran kòkòrò mọ́, táwọn tí ò dààmú ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀ náà tún wá di wàhálà, nígbà tó fi máa di 1956 ó ti já sí 332. Ìgbà tí wọ́n ṣòfin lórí oògùn líle, tí wọ́n dá àwọn kòkòrò tó ń pa kòkòrò padà, tí gbogbo wọn sì ń gbìn lásìkò kan náà, ni nǹkan tó bọ̀ sípò.

Ẹ sọ fáwọn èèyàn kí wọ́n máa wọ oko lọ wò ó kí wọ́n tó gbé oògùn. Yí ewé padà, tú ìrudi wò, ka ẹyin àti ìdin tó o bá rí, tí ò bá tíì pọ̀ débi tó máa dín ìkórè kù, fi í sílẹ̀. Ẹ má torí ìrudi tó rẹ̀ sílẹ̀ sáré gbé oògùn, òwú fúnra ẹ̀ máa ń gbọn ọ̀pọ̀ dànù. Àmọ́ tí ìdin bá ti lu ihò wọnú èso, tẹ́ ẹ rí ìgbẹ́ ẹ̀ lẹ́nu ihò, ó ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn nìyẹn, ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tó ń rìn lórí ewé ló yẹ ká ti mú un.

Ẹ tún gbàgbé igi òwú tá a fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìkórè! Inú èso gbígbẹ àti hóró tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ ni ìdin pupa tí wọ́n ń pè ní pink bollworm, tó máa ń jẹ hóró inú èso òwú, ń sùn sí títí àsìkò míì, tẹ́nì kan bá hú tiẹ̀ tí aládùúgbò ẹ̀ ò hú, asán ni. Irúgbìn Bt, ìyẹn òwú tí wọ́n ti fi àbùdá bakitéríà kan sí kó lè máa pa ìdin fúnra ẹ̀, dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ò tó, ní Íńdíà ìdin pupa yìí ti borí irú Bt tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn kó tó di 2010. Amẹ́ríkà tó kéde ní 2018 pé òun ti lé e lóko òwú òun tán, Bt wà níbẹ̀, àfòpiná tí wọ́n sọ di àgàn tí wọ́n tú sílẹ̀ wà níbẹ̀, títú ilẹ̀ lẹ́yìn ìkórè náà wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ojú ewé yẹn kọ, kẹ́ ẹ sì fi àwòrán àwọn kòkòrò tó ń ràn wá lọ́wọ́ sí i, torí ọ̀pọ̀ ló ń pa wọ́n láìmọ̀.

Èmi ni, olówùú kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín