Àjàṣẹ́ náà ní ọ̀nà ẹsẹ̀

Àjàṣẹ́, Porto-Novo

Àyìnkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá mi ní kí n kí ọ. Wọ́n ní ohùn orí fóònù kò tẹ́ àwọn lọ́rùn mọ́, àfi kí àwọn fojú kàn ọ́.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà. Mo wo àwòrán afárá tí wọ́n so kọ́ sáàárín orí igi ní igbó MacRitchie lọ́dọ̀ yín ní Síńgápọ̀, tí gígùn rẹ̀ tó mítà 250. O ní nínú Síńgápọ̀ tó kún fún ilé gogoro yẹn, èèyàn lè wọ bọ́ọ̀sì kó sọ̀ sẹ́nu igbó, kó sì rìn títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. O ní Bukit Timah tó jẹ́ òkè tó ga jù níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 163 lọ, síbẹ̀ tọmọdé tàgbà ló ń gun ún lópin ọ̀sẹ̀. Inú mi dùn fún ọ gan-an. Ṣùgbọ́n n ò gba ọ̀rọ̀ tí o fi parí rẹ̀, pé Àjàṣẹ́ kò ní irú ẹ̀, pé títì, ọjà àti zẹ́mìjàn, ọ̀kadà tiwa, nìkan la ní. Ó ní in, Àyìnkẹ́. Kò sí pátákó tó ń tọ́ni sọ́nà ni, ọ̀nà wà. Nígbà tí o sì ti ní oṣù Kejìlá lò ń bọ̀, jẹ́ kí n ti to ìrìn wa sílẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Jardin des Plantes la ó ti bẹ̀rẹ̀. Igbó mímọ́ àwọn ọba Àjàṣẹ́ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn Faransé dé, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà tí wọ́n ti ń dán irúgbìn ilẹ̀ òkèèrè wò. Àwọn ìrókò ńlá ibẹ̀ ṣì dúró. Tí o bá dé ìdí ọ̀kan, ọrùn rẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ kí o tó rí ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí a tètè dé ibẹ̀, kí oòrùn tó mú, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí ewé tí àwọn ẹyẹ ṣì ń dún. Ariwo zẹ́mìjàn ń bẹ lóde lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n o wọlé báyìí, ara rẹ á kọ́kọ́ mọ̀ pé ibẹ̀ tutù ju títì lọ. Òjìji igi ni, àti omi tí ewé ń mí síta.

Mo fẹ́ kí o ronú nípa ohun tó mú kí igi wọ̀nyẹn wà títí di òní. Lọ́dọ̀ yín, òfin ìjọba àti àwọn aṣọ́gbà ló ń dáàbò bo igbó. Lọ́dọ̀ wa, èèwọ̀ ni. Ta ni yóò gbé àáké ti ìrókò láìkọ́kọ́ bi àgbà, láìṣètùtù? Àwọn Gùn ń pè é ní Lókò, wọ́n ń bọ ọ́. Àwa náà mọ̀ pé igi tó ní ẹni nínú ni. Ìbẹ̀rù yẹn ló fi igi sílẹ̀ fún wa láàárín ìlú tí ilẹ̀ ti wọ́n bí ojú.

Láti ọgbà yẹn, a ó máa gba àwọn ìta òrìṣà lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. O mọ̀ wọ́n, àwọn gbàgede tó wà láàárín agboolé, tí ojúbọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú igi ńlá kan tó ṣíji bo gbogbo ilẹ̀. Ouadada, ilé àṣà tó wà nílùú wa níbí, ti tún mélòó kan nínú wọn ṣe, wọ́n tún ojúbọ kọ́, wọ́n sì ṣe ibi ìjókòó. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn púpọ̀. Nígbà tí ìta bá mọ́, àwọn arúgbó á padà jókòó síbẹ̀, ọmọdé á wá ṣeré, igi náà á sì ní olójú tó ń ṣọ́ ọ. Wàá rí akòko, wàá rí pèrègún tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí ojúbọ ká, wàá rí ọdán tí àwọn tó ń ta ayò jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí ìyá mi mọ̀ nípa ewé, ìrìn báyìí ló fi mọ̀ ọ́n, nígbà tí ìyá tiwọn ń mú wọn lọ já egbòogi.

Ọ̀nà yẹn náà la ó gbà dé Akọ̀rọ̀n. A ò gbọdọ̀ fo ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn sọ pé ìlú yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọdẹ tó ti ilẹ̀ Yorùbá wá ni wọ́n dé ibẹ̀, tí wọ́n rí ẹbọra olórí mẹ́sàn-án tó ti inú òkìtì ọ̀gán jáde. Wọ́n wólẹ̀, wọ́n bọ ọ́, wọ́n sì tẹ ìlú dó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilé Abórímẹ́sàn-án ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ìgbà yẹn, Tẹ̀ Àgbànlín, ọmọ ọba tó wá jọba níbí, kò tíì ti Àlàdá dé. Òpin ọ̀rúndún 17 ni tirẹ̀. Rò ó wò: ọdẹ inú igbó ló tẹ Àjàṣẹ́ dó. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn, tó ń wo ilẹ̀, tó ń wo igi, ló kọ́kọ́ rí ìlú wa.

Lẹ́yìn náà, a ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí ọ̀sà. Ní oṣù Kejìlá, ẹ̀kún omi odò Wémé á ti fà, ilẹ̀ á ti gbẹ. Wàá rí ojú-oró tó léfòó lórí omi, wàá rí ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Aguégués, àwọn abúlé orí omi tó wà nítòsí wa, tó ń kó ẹja àti ewébẹ̀ wá sọ́jà. Wàá tún rí àkájà: ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja ń rì mọ́ ilẹ̀ ọ̀sà kí ẹja lè sá wọ ibẹ̀, kó jẹ, kó bímọ, tó bá pẹ́, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká. Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ ó ń jẹ igi púpọ̀, torí ẹ̀ka náà ń jẹrà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gé òmíràn. Láti ọdún 2000 ni ọ̀sà wa àti ìsàlẹ̀ odò Wémé ti wà nínú àkọsílẹ̀ Ramsar, àwọn ilẹ̀ olómi tí gbogbo ayé gbà pé ó yẹ ní títọ́jú. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ará ìlú kò mọ̀. A ó jẹ ẹ̀kọ àti ẹja díndín níbẹ̀ kí a tó padà sílé.

Ọjọ́ kejì ló wà lọ́kàn mi jù. Ìwọ lo dá a sílẹ̀. O ní ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ Màléṣíà máa ń wọ àárín Síńgápọ̀, pé ní 2011 ó dáwọ́ dúró, ìjọba sì sọ ojú ọ̀nà rẹ̀ di ibi ìrìn tó gùn tó kìlómítà 24. Àyìnkẹ́, oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ tí mo kà á. Ojú irin tiwa ńkọ́? Èyí tó ti Kútọnu wọ Àjàṣẹ́, tó gba Sákété lọ sí Pobẹ̀, tí àwọn Faransé tẹ́ láti máa fi kó epo àti èkùrọ́. Ọkọ̀ ti fi í sílẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Obìnrin tó ru epo ń gbà á, ọmọ ilé ìwé ń gbà á. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, torí ọkọ̀ ojú irin kì í pọ́n òkè gíga. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè rìn ín. Tí o bá ti kúrò nínú ìlú, ilẹ̀ pupa ni, ọ̀pẹ lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú gbágùúdá àti àgbàdo. Ibì kan wà tí ọjà ti gba orí rẹ̀, ibòmíràn ilé ti ń sún mọ́ ọn. Tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, irin náà á pòórá, ọ̀nà á sì tẹ̀ lé e. Ohun tí mo ń fẹ́ kò tóbi: kí wọ́n gbin igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kọ kìlómítà sára òkúta, kí wọ́n gbẹ́ kànga síbi ìsinmi, kí àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀wà àti ọsàn lè jókòó síbẹ̀. A ò ní dé Sákété lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó jìn, ṣùgbọ́n a ó rìn dé ibi tí agbára wa bá mọ, kí a wá gba zẹ́mìjàn padà.

Igbó Pobẹ̀, igbó Adàkplamẹ̀ lápá Kétu, òkè Ṣábẹ̀: ìwọ̀nyẹn di ìgbà mìíràn.

Ìdí tí mo fi ń kánjú rèé. Ní òpin ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn onímọ̀ ka igbó mímọ́ 2,940 ní Bẹ̀nẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ héktà 18,360. Pín in wò: díẹ̀ lé ní héktà mẹ́fà ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igbó tó kéré tó bẹ́ẹ̀, agboolé kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ilẹ̀ lè jẹ ẹ́ tán. Ní oṣù Kọkànlá 2012, ìjọba gbé ìlànà jáde tó ka igbó mímọ́ sí lábẹ́ òfin. Ó dára, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè dúró nídìí igi. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, èèwọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ bà wọ́n lẹ́rù mọ́. Èmi náà ń kírun, n ò bọ ìrókò, ṣùgbọ́n n ò fẹ́ kí wọ́n gé e. Irú èmi ti pọ̀ ní Àjàṣẹ́. Ó yẹ kí a ní ìdí tiwa láti dúró ti igi náà, tèmi sì ni pé kí a máa rìn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kí àwọn ọmọ wa mọ orúkọ rẹ̀.

Ohun kan tí o gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Ní Síńgápọ̀, òfin ní kí ẹ má fún ọ̀bọ lóúnjẹ. Níbí, kí o tó wọ ìta kankan, wá àgbà ibẹ̀, kí o kúnlẹ̀ kí i, kí o tó yọ fóònù láti yàwòrán. Obìnrin ni wá, igbó Orò kò sí lára ibi tí a ó wọ̀; a ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Sọ fún àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú.

Kó bàtà tó ti mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ bọ̀, má ra tuntun. Ọyẹ́ á ti máa fẹ́, torí náà mú ìborùn, èmi á ní òrí nílé fún ètè àti àtẹ́lẹsẹ̀. Kọ̀wé sí mi kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí n lè mọ ọjọ́ tí n óò gbàyè níbi iṣẹ́. Tí ọkọ rẹ bá fẹ́ bá wa rìn, kí ó mọ̀ pé aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la ó jáde.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àṣàkẹ́