Gáàsì abẹ́ òkun yín

Òkè-Fíà,
Òṣogbo.

Àkànkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o, ìwọ àti àwọn ọmọ. Ilé wà, ọjà náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kílò gáàsì ti lé àwọn oníbàárà mi kan padà sídìí èédú. Ọ̀rọ̀ gáàsì náà gan-an ló mú mi kọ̀wé.

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé sílíńdà wá, ó ní gáàsì ń hó jáde lábẹ́ òkun lọ́dọ̀ yín ní Nọ́wè lọ́hùn-ún, pé kí ìjọba lọ bù ú wá kí owó lè wálẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi lọ kà nípa rẹ̀. Baba ò purọ́, àmọ́ oríṣi gáàsì mìíràn tí wọ́n ń pè ní methane ni tọ̀hún, propane àti butane ni èyí tí mò ń tà. Ó sì fọ́n ká òkun débi pé kò ṣeé bù.

Lẹ́bàá Svalbard, àwọn erékùṣù Nọ́wè tó wà lápá àríwá pátápátá, ní 2008, àwọn onímọ̀ rí ibi tó lé ní 250 tí gáàsì ti ń ru sókè. Ariwo ta pé ooru ayé ló fà á. Nígbà tó di 2014, àwọn mìíràn fi hàn pé ó ti ń jò láti 3,000 ọdún sẹ́yìn, ó kéré tán. Omi ibẹ̀ jìn, púpọ̀ nínú gáàsì náà ń yòrò sínú omi, kòkòrò àìfojúrí sì ń jẹ ẹ́ kó tó dé òkè.

Ti Sàìbéríà, ní Rọ́ṣíà, ló ń kọ mí lóminú. Òkun apá ìlà-oòrùn rẹ̀ ò jìn, bíi mítà 50 ni. Ilẹ̀ tó dì gbagidi ni láyé ọjọ́un, kí òkun tó kún bò ó. Ó wá ń yọ́ lábẹ́ omi. Gáàsì tó bá jò níbẹ̀, kíá ló ti bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Onímọ̀ kan, Natalia Shakhova, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2010 sọ pé ó tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 8 lọ́dún. Ní 2013 wọ́n ní 17. Àwọn mìíràn tó fi ọkọ̀ ojú omi lọ wọ̀n ọ́n sọ ní 2016 pé bíi 3 ni. Àkànkẹ́, bí èmi bá ń wọn gáàsì báyìí, wọn á ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù mi!

Síbẹ̀, 3 náà kì í ṣe kékeré: láàárín 20 ọdún, tọ́ọ̀nù methane kan ń mú ayé gbóná tó bí ìlọ́po 80 ti káábọ́ọ̀nù dáyọ́sáídì. Ọpẹ́ ni pé, ní ìpíndọ́gba, bí ọdún 12 ló ń lò nínú afẹ́fẹ́. Àwọn kòkòrò yẹn náà, mi ò gbọ́kàn lé wọn tán. Ní Òkun Ross, ní Antarctica, wọ́n rí ibi tó ń jò ní 2011. Ọdún márùn-ún kọjá kí àwọn tó ń jẹ ẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ.

O ní aládùúgbò rẹ kan ń bá ọkọ̀ ìwádìí ṣiṣẹ́. Bá mi bi í: nígbà tí yìnyín bá bo òkun, ibo ni gáàsì náà ń gbà? Baba tíṣà á tún wá rọ gáàsì láìpẹ́, ìbéèrè rẹ̀ kì í tán.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́